Bí Wọ́n Bá Bèèrè Pé Báwo Ni Ọwọ́ Rẹ

Eastbury, Barking.
Ọjọ́ Ẹtì.

Gbénga ọmọ mi, Àkànní,

N kò ní bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, pé mo nírètí pé yóò bá ọ ní àlàáfíà bí ó ti fi èmi náà sílẹ̀ níbí. Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ti ya ìwé náà dànù, nítorí ọ̀rọ̀ àlàáfíà yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O kò sí ní àlàáfíà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí ọkọ̀ àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe fún ìjọba ìpínlẹ̀ yín ti rọ́ lu ọkọ̀ rẹ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, o máa dúró níwájú àwọn aṣòfin ní òdìkejì òkun níbẹ̀, wọn á sì bi ọ́ pé báwo ni ọwọ́ náà. Láti ìgbà tí Ṣadé ìyàwó wa ti sọ ọjọ́ náà fún wa ni oúnjẹ kò ti fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ. Kì í ṣe àwọn aṣòfin yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ìdáhùn rẹ ló ń bà mí lẹ́rù.

Ìyá rẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Bàbá Gbénga, ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ yé fi ìwé ṣòfò."

Mo ní ọmọ yìí kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, á ní, "Daddy, I'm fine, ẹ má worry," á wá bèèrè orúnkún mi, ọ̀rọ̀ á sì ti yà síbòmíràn. Ìwé ni kò ṣeé dá lẹ́nu. Bùkọ́lá àbúrò rẹ máa wá láti Dagenham lọ́la, á ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, á sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ lórí Wáásáàpù. Jọ̀ọ́, kà á tán. Bí ojú bá ń ro ọ́, jẹ́ kí Ṣadé kà á fún ọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé mi, kí n má baà gba ọ́ nímọ̀ràn lórí ohun tí n kò mọ̀. Kóòtù ti dá ọ láre. Ìjọba ìpínlẹ̀ yín pàápàá ò jiyàn pé awakọ̀ àwọn ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀ tó fi òdiwọ̀n sí ohun tí ìjọba lè san fún ẹnikẹ́ni, ohun tí kóòtù sì ní kí wọ́n san fún ọ ga ju òdiwọ̀n náà lọ fíìfíì. Èyí tó kù, kò sí ẹni tó lè san án àyàfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá jókòó, tí wọ́n sì ṣe òfin kan tí orúkọ rẹ wà nínú rẹ̀, òfin tí wọ́n ṣe nítorí ìwọ nìkan. Wọ́n gbé àbá náà wá lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ilé parí ìjókòó kí ó tó kàn án, ó sì kú síbẹ̀. Lọ́dún yìí wọ́n tún gbé e dìde. Àwọn aṣòfin láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ti fọwọ́ sí i, èyí tó fún mi ní ìrètí púpọ̀. Ìgbìmọ̀ kékeré ló kọ́kọ́ máa gbọ́ ẹnu rẹ. Bí àwọn yẹn bá gbà, á lọ sí ilé ńlá, lẹ́yìn náà á lọ sọ́dọ̀ gómìnà. Bí wọn ò bá gbà, lọ́yà rẹ ní òun ò rò pé ẹnikẹ́ni máa fẹ́ gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ọ. Dókítà ti sọ pé iṣẹ́ abẹ kan wà tó lè dá agbára padà sínú àwọn ìka rẹ, tí a kò bá fi falẹ̀ jù. Owó náà ni wọ́n máa fi ṣe é. Ìwọ tí o jẹ́ oníṣẹ́ iná, tí o lè tú ògiri ilé kan kí o sì mọ wáyà tó ti gbóná nínú rẹ̀, o jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù báyìí, ò ń dáhùn ìpè fóònù fún àwọn ẹlòmíràn. Ṣadé sì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbi méjì. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹ fẹ́ di olówó. Ọwọ́ rẹ ni.

Bùkọ́lá ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí náà, wọ́n máa ń ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ nígbà àtijọ́, odindi Pálímẹ́ǹtì á jókòó nítorí ẹnì kan péré. Mo rò ó títí. Ìwọ tí a tọ́ ní Barking, tí o fi gbogbo bọ́ọ̀lù rẹ fọ́ gíláàsì àwọn aládùúgbò, àwọn àgbàlagbà tó wọ ẹ̀wù kóòtù, tí wọ́n de táì, máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á sì dìbò lé orúkọ rẹ. Inú mi dùn sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, nítorí mo mọ ọ́, mo sì mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Ṣé o rántí ìgbà tí o já bọ́ láti orí jáńgílọ́fà, nígbà tí o ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ Àìkú ló bọ́ sí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ìjọ rí ọrùn ọwọ́ rẹ tó wú, wọ́n ní, "Gbénga, pẹ̀lẹ́ o, ṣé kò dùn ọ́?" O nà dúró ṣánṣán nínú aṣọ funfun rẹ, o ní, "Mo le koko, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹ wo ọmọ onígbàgbọ́!" Orí mi wú débi pé mo gbé ọ sí èjìká mi dé ilé. Ìgbà tí ìyá rẹ gbé ọ lọ sí ọsibítù ni wọ́n sọ fún wa pé egungun ti sán. Dókítà bèèrè pé kí ló dé tí ọmọ náà kò fi sunkún. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni o ti mọ̀ pé bí ènìyàn bá fi ìrora pamọ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi náà kò gbọ́n jù ọ́ lọ. Jẹ́ kí n sọ ti èmi àti ìjọba ilẹ̀ yìí fún ọ. O kò mọ gbogbo rẹ̀, nítorí o ti lọ kọ́ iṣẹ́ ní Birmingham nígbà náà, ohun tí a sọ fún ọ kò sì ju pé "Daddy ń wá ibi iṣẹ́ tuntun."

Mò ń ṣe sikiọ́rítì nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Vicarage Field. Ọ́fíìsì ìjọba kan da ìwé ìgbélùú mi pọ̀ mọ́ ti ọkùnrin kan tí orúkọ wa jọra, wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn tó gbà mí síṣẹ́ pé n kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ níbí mọ́. Èmi tí mo ti ń san owó orí kí a tó bí ọ! Máníjà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè ṣe. Ó lé ní ọdún kan kí ọ́fíìsì náà tó rí àṣìṣe wọn.

Ní gbogbo àkókò yẹn, mò ń wọ aṣọ iṣẹ́ mi láràárọ̀. Ìyá rẹ á di oúnjẹ fún mi, n ó kí àwọn aládùúgbò, n ó sì gba ọ̀nà Vicarage Field lọ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Orí bẹ́ǹṣì kan nínú páàkì ni mo ń lọ jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, n ó wọ ilé ìkàwé, n ó gbé ìwé ìròyìn síwájú, n kò sì ní ka ohun kan nínú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ní, "Bàbá, iṣẹ́ ńkọ́?" èsì mi ni, "A dúpẹ́, iṣẹ́ ń lọ." Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀. Òun ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán pọ̀ mọ́ ti òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kí orí wa lè wà lábẹ́ òrùlé.

Nígbà tí àṣìṣe náà hàn, wọ́n ní àwọn máa san owó gbà-máà-bínú, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ti fà fún mi, nítorí náà àwọn máa rán ènìyàn wá sílé. Àkànní, mo gbọ́ pé àlejò ìjọba ń bọ̀, kí ni mo ṣe? Mo yá rọ́ọ̀gì lọ́wọ́ ará ìjọ wa kan, mo tẹ́ ẹ sí pálọ̀. Mo wọ kóòtù, mo de táì. Mo ní kí ìyá rẹ din àkàrà. Obìnrin tí wọ́n rán wá wọlé, ó rí ilé tó ń dán, ó rí àkàrà gbígbóná, ó sì rí ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó bi mí pé, "Báwo ni nǹkan ti rí fún yín láti ìgbà náà?"

Mo ní, "Ó dára gan-an, madam. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?"

"Bí ọmọ ọwọ́ ni mo ń sùn."

"Ṣé kò dá wàhálà sílẹ̀ láàrin ẹ̀yin àti ìyàwó yín?"

"Rárá o. Ìfẹ́ ló wà láàrin wa."

Mo gbọ́ tí ìyá rẹ la ìdérí ìkòkò mọ́lẹ̀ ní kíṣìnnì. Obìnrin náà jẹ àkàrà, ó yìn ín, ó dì lára rẹ̀ lọ. Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní inú àwọn dùn pé ọ̀rọ̀ náà kò pa mí lára púpọ̀, ohun tí wọ́n sì fẹ́ fún mi kò lè san gbèsè tí a ti jẹ.

Ìyá rẹ kà á, ó sì wò mí. Ó ní, "Bàbá Gbénga, ìjọba fi ìyà jẹ yín, ẹ wá fún ìjọba ní àkàrà. Ta ní ń tu ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú?"

Mo bínú sí i. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi pe ibi ni? Ṣé ẹni tó wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Àìkú máa dìde lọ́jọ́ Ajé, á ní òun ò lè sùn? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àgbà kan nínú ìjọ wa, pé kí ó bá mi bá ìyá rẹ wí. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Gbogbo wa ni. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí ẹ ní ara yín le koko, ṣé oògùn ló máa fún yín ni, àbí ó máa ní kí ẹ padà sílé? Ìgbà tí a bá dojúbolẹ̀ nínú ilé àdúrà, tí à ń ké, kí là ń sọ fún Ọlọ́run? Ṣé pé kò sí ohun tó ń ṣe wá ni? Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín fún Ọlọ́run tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ wá ń fi pamọ́ fún ìjọba tí kò mọ nǹkan kan!"

Mo padà sílé, mo lọ bẹ ìyá rẹ.

A ní kí wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì gbà. Ọkùnrin kan ló wá lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá rẹ kò din nǹkan kan, ó dá rọ́ọ̀gì padà fún ẹni tó ni ín, ó sì jókòó tì mí. Ọkùnrin náà ní, "Báwo ni nǹkan ti rí fún yín?" Mo ní, "A dú..." Ìyá rẹ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, bàtà tó le ló sì wọ̀! Mo bá mí kanlẹ̀. Mo sọ ti aṣọ iṣẹ́ tí mò ń wọ̀ láràárọ̀ fún un. Mo sọ ti bẹ́ǹṣì. Mo sọ pé mo máa ń jẹ oúnjẹ tí ìyàwó mi dì fún mi nínú páàkì ní àkókò tí wọ́n máa ń jẹun níbi iṣẹ́ mi, kí ó lè dà bíi pé mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. N kò pariwo, n kò sì sunkún. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi." Wọ́n yí ìpinnu wọn padà. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi tọkàntọkàn, a san gbèsè wa, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní ìrètí nípa tìrẹ. Ìjọba kì í ṣe òkúta. Ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, wọ́n máa ń gbọ́, bí a bá sọ fún wọn.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí.

Èkíní, bí wọ́n bá bèèrè ọwọ́, ọwọ́ ni kí o dáhùn. Má sọ pé o dúpẹ́, má sọ pé ó ti ń sàn, má sọ pé àwọn kan wà tí tiwọn burú jù bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ wọn ló wà nínú àbá òfin náà.

Èkejì, má kí wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo mọ̀ wá. Bí a bá fún ọmọ Yorùbá ní gbohùngbohùn, á kí alága, á kí igbákejì alága, á kí àwọn ọlọ́lá tó wà lórí ìjókòó, á kí àwọn ìyá àti bàbá, á wá ní kí wọ́n gbà pé òun ti kí gbogbo wọn pátá, ìṣẹ́jú tí wọ́n fún un á sì ti tán. Ṣadé ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n máa fún ọ. Kí wọn lẹ́ẹ̀kan, kí o dúpẹ́ pé wọ́n pè ọ́, kí o sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Má sì dọ̀bálẹ̀ o! Mo mọ̀ pé o kò ní dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò ní balẹ̀ tí n kò bá sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, má fi ohunkóhun kún un. Ọkùnrin kan wà tí mo mọ̀ ní Dagenham Heathway, ó ní ìrora ẹsẹ̀ tòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ń bọ̀, ó yá ọ̀pá ìtilẹ̀. Kò mọ ọwọ́ tó yẹ kí ó fi mú un. Ọwọ́ òsì ló fi mú un wọlé, ọwọ́ ọ̀tún ló fi mú un jáde. Wọn ò sì gba ìrora rẹ̀ tòótọ́ gbọ́ mọ́. Tìrẹ ti tó bó ṣe rí.

Ìyá rẹ ní kí n sọ ti àpò. Ó tọ́. Nínú gbogbo fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Kérésì tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ wà nínú àpò. Àní níbi tí o ti gbé Tèmi ọmọ rẹ lé itan, ọwọ́ kan lo fi gbé e. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbé e jáde. Gbé e lé orí tábìlì níwájú wọn, kí ó wà níbẹ̀. Wọ kóòtù, ṣùgbọ́n má wọ ìbọ̀wọ́, bí òtútù bá tilẹ̀ mú. Ṣé òtútù máa ń mú nínú ilé yẹn? Bèèrè lọ́wọ́ lọ́yà rẹ. Kí o sì tètè kúrò nílé, ọ̀nà jìn, o kò sì mọ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí níbẹ̀.

N kò rántí ẹ̀wo ló kàn mọ́. Àbí ẹ̀karùn-ún ni? Má bẹ̀bẹ̀. Kì í ṣe sàráà lo wá gbà. Kóòtù ti ṣe ìdájọ́, o kàn ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí ìdájọ́ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ ni. Ṣùgbọ́n má bínú pẹ̀lú. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa awakọ̀ yẹn, sọ pé ó kọ̀wé bẹ̀ ọ́, pé o sì ti dárí jì í. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Dídárí ji ènìyàn kò sọ pé ọwọ́ ti sàn.

Jẹ́ kí Ṣadé sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá gbà á láyè. Nǹkan wà tí ọkùnrin kò rí lára ara rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ìyá rẹ àti bàtà rẹ̀, orí bẹ́ǹṣì yẹn ni n bá ṣì wà.

Má sì ná owó tí kò tíì dé. Mo mọ̀ pé n kò nílò láti sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́.

Ilẹ̀ ń ṣú. N ó parí rẹ̀ lọ́la kí Bùkọ́lá tó dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sán.

Gbénga, mo fẹ́ parí lẹ́tà yìí pẹ̀lú àdúrà, ṣùgbọ́n ìwọ alára mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí. Síbẹ̀ n ó kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ohun tí ènìyàn fi ẹnu sọ nígbà tí inú rẹ̀ bàjẹ́, ó lè gbàgbé rẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bùkọ́lá dé. Kó tó ya fọ́tò kankan, ìyá rẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó pè ọ́ lórí fídíò. Mo rí ojú rẹ. Mo ní, "Ọwọ́ ńkọ́?" O ní, "I'm fine, Daddy. Orúnkún yín ńkọ́?"

Mo ní, "N kò bèèrè ara. Ọwọ́ ni mo bèèrè."

"Ọwọ́ wà níbẹ̀, Daddy." O rẹ́rìn-ín.

"Gbé e sókè kí n rí i."

O kò tètè gbé e. Nígbà tí o gbé e sókè, Bùkọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. O wá ní, ohùn rẹ sì ti yí padà, "Daddy, n kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi. Tèmi ló ń bá mi dè é kó tó lọ sí school. Mo sọ fún un pé eré ni. Ó ti wá mọ̀ pé kì í ṣe eré, ṣùgbọ́n kò sọ fún mi pé òun mọ̀. Ó ṣì ń kọ orin tó máa ń kọ bó bá ń dè é."

Bùkọ́lá ní, "Bro, you never told us."

O ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa ń bèèrè. Bí mo bá sì ti ń ronú ohun tí mo fẹ́ sọ, Daddy á ti bá mi dáhùn pé, a dúpẹ́."

Ìyá rẹ sún mọ́ fóònù. Ó ní, "Àkànní mi, pẹ̀lẹ́. Ó dùn ọ́." Ó dà bíi pé ohun tí o ti ń dúró dè láti ọjọ́ pípẹ́ wá nìyẹn, nítorí o sunkún, mo sì dúpẹ́ pé o sunkún. Ìyẹn nìkan ni mo dúpẹ́ fún.

Ohun tí o sọ fún wa lónìí ni kí o sọ fún wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Sọ ti bọ́tìnnì. Sọ ti Tèmi àti orin rẹ̀. Má tún un ṣe kó lè dùn ún gbọ́, má fi ẹ̀rín bò ó. Bí o bá parí, dákẹ́, kí o jẹ́ kí wọ́n dákẹ́ pẹ̀lú. Má bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo ti rí irú rẹ̀ lójú ọkùnrin tó wá sílé wa lẹ́ẹ̀kejì, ohun rere ló tẹ̀lé e. Mo gbà gbọ́ pé wọ́n á dìbò fún ọ. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń bẹ̀rù, o mọ̀ mí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o gbé ọwọ́ rẹ sókè lórí fóònù yẹn, ọkàn mi ti fúyẹ́ ju bó ṣe rí láàárọ̀ lọ. Mo jẹ ẹ̀wà méjì àwo. Ìyá rẹ ní kí n kọ ìyẹn náà.

Kí Ọlọ́run lọ ṣáájú rẹ wọ inú ilé yẹn. Kí ó fún àwọn tó máa gbọ́ ọ ní etí ìgbọ́ràn. Kí ọwọ́ rẹ tún mú irin iṣẹ́ lójú wa.

Bí wọ́n bá gbà, pè wá. Bí wọn ò bá gbà, pè wá. Èmi ni n ó gbé fóònù náà fúnra mi. N ó bi ọ́ pé báwo ni, n ó dákẹ́, n ó sì tún bèèrè.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.